Bàṣírát Jókòó Sórí Àga Jádesọ́lá

Lọ́dún 2014, Jádesọ́lá ń kọ́ṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwé kan ní New Town, ní Banjul, olú-ìlú Gáḿbíà. Àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń wá bá a. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á lọ sí ilé kọ̀ǹpútà Ebrima, kí ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Ọmọ́ládé, tó wà ní Ìbàdàn, lè bá a yẹ iṣẹ́ náà wò lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Lọ́jọ́ kan, àwòrán ọ̀gá pòórá, ohùn rẹ̀ náà dákẹ́. Jádesọ́lá lọ pe Ebrima, tó ń se atáyà, tíì àwọn ará Gáḿbíà, lẹ́nu ọ̀nà. Bàṣírát, ìyá Yorùbá aláṣọ kan ní Albert Market tó wá tẹ ìwé, jókòó sórí àga Jádesọ́lá kí ẹlòmíràn má baà gbà á.

Ohùn ọ̀gá bá jáde, àmọ́ àwòrán kò tíì dé. "Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Bàṣírát rí i pé kò dáa kí wọ́n pe èèyàn kó má dáhùn. "Mo ń gbọ́, mà."

"Ohùn rẹ yí padà. Ṣé ọ̀fìnkìn ni?"

"Ó ń ṣe mí díẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́. Kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

Ẹnikẹ́ni ò bi Bàṣírát bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ọkọ òun ò bá òun sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, torí òun ní kó yé kọrin nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Barra. Bí ebi bá ń pa á, àgùntàn ló ń sọ fún, kí òun lè gbọ́.

"O ṣeun," ni Dókítà wí. "Oṣù mẹ́rin rèé, o ò sọ tinú rẹ báyìí rí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé o ti lọ́kọ."

Ìgbà tí Jádesọ́lá padà dé, Bàṣírát ti ń sunkún. Jádesọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa wáyà. "Mà, èmi ni Jádesọ́lá."

"Ta ló wá ń sunkún?"

"Bàṣírát ni. Aṣọ ló ń tà."

Dókítà bẹ Bàṣírát. "Ẹ má bínú, mà. Mo ṣì yín mú ni."

"Kò burú," ni Bàṣírát wí. "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀."

Wọ́n parí ẹ̀. Bàṣírát nu ojú, ó dúpẹ́, ó lọ.

"Jádesọ́lá," ni Dókítà wí, "nígbà tí o bá a lẹ́nu ẹkún, kí lo ṣe?"

"Mo ń tún wáyà ṣe, mà."

"Bí àwọn ọmọ bá ń sunkún ńkọ́?"

Jádesọ́lá ronú kan fèrèsé tó máa ń lọ ṣí nígbà bẹ́ẹ̀, àti ìwé tó máa ń tò. "Ẹkún ń bà mí lẹ́rù, mà," ló wí. Omi bọ́ lójú òun náà.

Ebrima ò gbọ́ Yorùbá. Ó rò pé wọ́n túfọ̀ fún un láti Nàìjíríà ni, ó pa rédíò. Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Jádesọ́lá fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́.