Ohùn Tó Pe Jabez

Ní etíkun Yorkshire níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń rán níṣẹ́ jù: kọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí pípè. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ, òun la lò. Bí aládùúgbò bá yà kí wa, tó mu tíì wa gbẹ, òun náà ni. Bí a bá ń pariwo orúkọ èèyàn, òun ni. Kódà bí ẹnìkan bá kú sómi, a ní òkun ló kọ́ọ̀lù ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo la kì í ti lò ó: bí ọkùnrin bá ti kọjú sí òkun, wọn kì í pè é láti ẹ̀yìn. Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀, omi ló máa gbé e. Tó bá wù yín, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi Thirza, ibí ni wọ́n bí mi sí.

Keziah, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ló fẹ́ Jabez apẹja. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jabez ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀, ó gbàgbé búrẹ́dì rẹ̀ sórí tábìlì. Keziah gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó panu mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. A kàn gbọ́ tí ohùn kan pè: "Jabez! Jabez o!" Ohùn Keziah ni, àmọ́ ó ti ha, bí ohùn ẹni tó ti sunkún títí. Mo wo ètè ọmọ yìí, kò mì rárá.

Jabez yíjú padà, ó gòkè wá tìbínútìbínú.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? O pè mí látẹ̀yìn!"

"Èmi kọ́ o! Bi Àǹtí!"

"Mi ò bi ẹnì kankan. Mo mọ ohùn ìyàwó mi."

Kò lọ sójú omi lọ́jọ́ yẹn, kò sì lọ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹja dé láyọ̀, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Jabez, jókòó ti ìyàwó ẹ, kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀!" Kò rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ yòówù tí kùrukùru bá bo etíkun, ohùn náà á tún pè é láti ojú omi. Keziah á di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, á ní, "Èmi rèé, Jabez. Kì í ṣe èmi nìyẹn." Mo máa ń jókòó tì wọ́n títí kùrukùru á fi ká.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ohùn náà ṣe pè, Jabez já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ Keziah, ó jáde, ó forí lé omi. A sá tẹ̀ lé e. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun fi ń dùn mí, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni gbọ́.

"Keziah, pè é! Ohùn tìẹ ló máa gbọ́!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń mirí.

"Àǹtí, òkun ló kọjú sí. Wọn kì í pè é!"

"Kí èèwọ̀ yẹn lọ sọnù! Pè é, mo ní!"

Nígbà tó fi máa ṣí ẹnu, omi ti bo Jabez mọ́lẹ̀.

Keziah ń pè é báyìí o. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń dúró sétí omi, tó ń ké: "Jabez! Jabez o!" Àwọn ará abúlé ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀, pé ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ àwọn. Mo lọ lánàá. Ohùn rẹ̀ ti ha. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀; mo mọ ohùn yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí, láàárọ̀ ọjọ́ tí Jabez gbàgbé búrẹ́dì.