Kíláàsì Ìyá Eèrà

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyí?"

Tíṣà kíláàsì kejì ló béèrè. Ó na ìwé ìdánwò ìṣirò sí wa. Orúkọ nìkan ni ọmọ kọ sókè rẹ̀, ìyókù funfun báláú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, wo ìwé náà, ó wo ìka ara rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù igi ti gbẹ mọ́. Èmi wo ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Eèrà, ọmọ ọdún méje tí ọ̀rọ̀ kàn, ń fi ìka fa ìlà lórí tábìlì.

Kì í ṣe pé a ò mọ ìdáhùn. Rárá ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé ogún ìbéèrè ìdánwò náà síwájú ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá rẹ̀. Bàbá ń lẹ ẹsẹ̀ àga kan. Kí gọ́ọ̀mù tó mú, ọmọ ti parí gbogbo ogún. Mo fún un ní mọ́kàndínlógún. Nígbà tí mo tún ẹyọ tó kù wò, èmi ni mo ṣì í, òun kọ́.

"Eèrà, kí ló dé tó ò ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé?"

Ó gbé èjìká. "Mi ò ráyè ni."

"O ò ráyè? Kí lo ń ṣe?"

Ó ti sáré lọ ṣa èérún pákó nílẹ̀.

Àtìgbà tó ti ń rákò ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Eèrà, torí pé kì í jókòó sójú kan. Ọmọ kan náà ló wá di òkúta lórí àga ilé-ìwé.

Ìyá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣoṣo. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé yẹn. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló mú un lọ, ó ti pé oṣù mẹ́wàá báyìí. Nígbà tí Eèrà fẹ́ gòkè láti kíláàsì kìíní, yàrá méjì ló wà fún kíláàsì kejì. Àwọn olùkọ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fẹnu kò pé yàrá tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ni gan-an ni kí àwọn fi í sí. "Kó lè máa mọ̀ pé ìyá òun wà nítòsí," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. Gbogbo wa la dúpẹ́. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ilé-ìwé kékeré kan wà lódìkejì afárá. Àyè ọmọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ ní kíláàsì kejì, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa gba fọ́ọ̀mù mọ. Mo ti lọ gba fọ́ọ̀mù, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìfọwọ́sí bàbá nìkan ló kù. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí agolo ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ajá tí ò mọ̀ rí.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò yéé fi ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú láràárọ̀.

"Mú ọmọ yìí kúrò níbẹ̀. Ewéko tí ilẹ̀ kan ò bá gbà, ṣe là ń ṣí i lọ síbòmíì."

"Màámi, níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ ìyá rẹ̀."

"Ìyá rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ta ló mọ Eèrà nínú wọn?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù, Màámi."

"Sùúrù! Sùúrù ti gba òdo mẹ́rin ní ìdánwò." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ alákọ̀wé, ìwọ tó máa ń to páálí wẹ́wẹ́ tó fi ń di àwòrán, tibí yìí ò tíì di àwòrán?"

"Ó ku ẹyọ kan, Màámi."

"Ẹyọ kan yẹn gan-an ló ń jẹ́ àwòrán, ọmọ mi."

Òótọ́ ni mo sọ. Mo ti mú Eèrà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ríran jù mí lọ. Mo mú un lọ fún àyẹ̀wò etí. Ó gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ nípa mi ní yàrá kejì, ó sì tún un sọ fún mi lójú ọ̀nà. A ní kí wọ́n ṣí i kúrò lẹ́bàá fèrèsé, bóyá ariwo ìta ló ń gbé ọkàn rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e sí ìlà kẹta. Òdo kẹta wọlé, ìkẹrin tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kéde pé àga ni.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀," ló wí. "Èèyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ibo ni ọkàn rẹ̀ ti máa balẹ̀?"

Ó fi téèpù wọn ọmọ náà láti orúnkún dé gìgísẹ̀, ó yan pákó tó dáa jù, ó sì fi ìfági fá a fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ó ṣèlérí fún Màámi pé bí àga náà ò bá ṣiṣẹ́, òun á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí pákó bá ṣì wà tó ṣeé fá, kò ní láti fọwọ́ sí nǹkan kan. Gbogbo Sátidé ló máa ń lọ tún bẹ́ńṣì ṣe fún ilé-ìwé yẹn láìgba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó jáde lọ ra nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì o," ni mo wí ní Ọjọ́bọ̀.

"Mo mọ̀. Gbá a mú lẹ́sẹ̀, ká máa lọ."

A gbé àga náà láàárín ara wa. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ilẹ̀kùn kíláàsì kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó fara ti ògiri bó ṣe máa ń wà nígbàkigbà tí a bá dé. Tíṣà ń máàkì ìwé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé àga sí ìlà kẹta, ó mì í, kò mì. Ó wá jókòó sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Eèrà! Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti dé!"

"Ẹ kọ́ mi, Tíṣà. Ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe láàárọ̀."

"Ó dáa. Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ó dìde, ó sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nítorí ariwo kíláàsì kìíní. Ó ti ilẹ̀kùn.

Súẹ́tà búlúù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lórí ìṣó. Èjìká rẹ̀ ṣì yọ bí èjìká èèyàn. Ẹfun ìkọ̀wé ṣì funfun létí apá ọ̀tún, àpò kan wọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ga bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ga. Ó mì díẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe padé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Tíṣà. "Mo bá a níbẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ká má gbé e kúrò, kó má dà bíi pé a ti gbàgbé Ìyá Eèrà. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ lára. Àfi Eèrà…" Ojú rẹ̀ bọ́ sórí àga náà.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò lórí àga. Láti ibẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti súẹ́tà náà. Ẹni tó bá fẹ́ wo pátákó ìkọ̀wé ní láti yí orí kúrò lára rẹ̀.

"Bí ẹ bá ti tì í, ìgbà wo lẹ tó ń ṣí i?"

"Ó di aago mẹ́wàá ààbọ̀, sà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́." Ó na ọwọ́ sí ìṣó. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò, sà. Ní báyìí."

"Bí ẹ bá gbé e, ìṣó ni Eèrà máa máa wò."

Ó fẹ́ dìde, àga náà há mọ́ ọn ní ìdí, ó bá a dìde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tún jókòó, ó sì na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn. Àtàárọ̀ ni mo ti ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò mi láìsọ fún un. N ò mọ bó ṣe mọ̀.

Mo fi bírò lé e. Orí orúnkún rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí i, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ilẹ̀kùn.