Iye Àwọn Ará Ilé Mọ́ríátù

Ẹ gbọ́ ohun tójú Mọ́ríátù rí ní Ìlobù. Ìjọba ló ṣòfin pé ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Ìfọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé mọ́, ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ni wọn yóò máa kọ́ síbẹ̀. Ilé tí wọ́n bá bá èèyàn nínú rẹ̀, wọn á fún wọn nílẹ̀ mìíràn lọ́nà Ẹ̀rìn. Èyí tó bá ṣófo, wíwó ni.

Fikáyọ̀, akọ̀wé ìjọba, gbé ìwé ńlá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà náà. Ó dọ̀bálẹ̀, kò kúkú ṣàìlẹ́kọ̀ọ́.

"Ìyá, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń sùn nínú ilé yìí?"

Kò sọ ohun tí iye náà wà fún.  Ọmọ mẹ́rin ni Mọ́ríátù ti sin, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń tọ́.

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ọlọ́run ló mọ iye wọn."

"Ẹ ṣáà dá iye kan, ìyá."

"N ò ní kà wọ́n! Ṣé o fẹ́ kí ikú gbọ́ ni?"

Oòrùn ń pa Fikáyọ̀, ilé tó kù pọ̀. Aṣọ àwọn ọmọ wà lórí okùn níwájú rẹ̀, ó sì kọ òdo. Ọ̀lẹ ọmọ! Mọ́ríátù ṣàdúrà fún un kó tó lọ.

Nígbà tí ìwé àwọn tó máa gbalẹ̀ jáde, Sùrájù aládùúgbò, tó ka bàbá rẹ̀ tó ti kú mọ́ ará ilé, rílẹ̀ gbà. Mọ́ríátù kò rí nǹkan kan. Ó kó àwọn ọmọ lọ sí ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ fún Fikáyọ̀ tó lè bí lọ́mọ, ó ń nàka sí wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó kà wọ́n dé ẹ̀sán.

Fikáyọ̀ kò lè wojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ dìde. Ìwé ti dé Òṣogbo. Tí mo bá ní mo ṣàṣìṣe, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, katakata tí wọ́n fi ń wólé dé, pẹ̀lú ọ̀gá kan tó mú ìwé Fikáyọ̀ lọ́wọ́. Mọ́ríátù fi àwọn ọmọ sílé Sùrájù, òun padà wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá, ó ní kò síbi tóun ń lọ. Awakọ̀ rí i lójú fèrèsé, ó sáré pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀gá, ìyá kan wà nínú ilé yìí o!"

Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fìka tọ ìlà tí òdo wà lórí ìwé.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Máa báṣẹ́ ẹ lọ."