Atẹ́gùn Yàrá Ọmọ

Iná orí àbẹ́là tún tẹ̀. Bàbá gbé e sún mọ́ igun òsì férémù fèrèsé, níbi tó fi rọ́bà tuntun dí láàárọ̀, iná tẹ̀. Ó gbé e lọ sí igun ọ̀tún, ó tẹ̀. Ó wá gbé e síwájú àárín gíláàsì gan-an, níbi tí kò ti sí ojú ihò kankan, ó tún tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u pátápátá.

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ fèrèsé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Má-jẹ̀ẹ́-ó-wọlé, nítorí fèrèsé tó bá ti fọwọ́ kàn, òtútù di àwátì nínú ilé yẹn. Àbẹ́là nìkan ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí iná bá dúró ṣinṣin, iṣẹ́ parí. Bó bá tẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, kò sí àríyànjiyàn.

Òní ni àbẹ́là wá dójú tì í, ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ọmọ náà kò pé oṣù kí wọ́n tó bí i. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé òtútù díẹ̀ báyìí lè dá a padà sọ́dọ̀ àwọn. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa dé, aago méjì sì ti kọjá.

Ariwo kan tún wà tó ń dà á láàmú. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yàrá yìí ló ti ń gbọ́ ọ, tín-ín-rín, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba ihò kékeré kọjá. Torí ẹ̀ ló ṣe tú férémù lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ fóòmù àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó fi gíláàsì kejì ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Ó gun àkàbà, ó sọ̀, ó tún gùn ún. Ariwo ò lọ. Àbí ògiri ló ń jò ni?

Ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀.”

“Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?”

“Kí ni?”

“Atẹ́gùn.”

Obìnrin náà tẹ́tí. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Mò ń gbọ́ nǹkan,” ló wí, ó sì padà sí ilé ìdáná.

Nígbà tí ọmọ wọn dé, ó gbé ọmọ tuntun lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní pálọ̀, ó wá bá bàbá rẹ̀. Bàbá ò lè wò ó lójú. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á.

“Yàrá ò tíì ṣeé wọ̀,” ló wí. “Mi ò rí ihò náà. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.”

“Ẹ mú àbẹ́là wá, Bàbá.”

Ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì rọra gbé iná yí gbogbo etí fèrèsé ká. Iná dúró ṣinṣin. Inú Bàbá kọ́kọ́ dùn, kí orí rẹ̀ tó tún dàrú. Fèrèsé kan náà, àbẹ́là kan náà. Ó sún mọ́ ọn kó lè rí i dáadáa. Iná tẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, iná nà ró. Ó tún sún mọ́ ọn, ó tẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ò wo iná mọ́, àyà bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá níta, wọ́n rí i lójú gíláàsì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ìró rẹ̀. Ariwo tín-ín-rín yẹn nìkan ló kù nínú yàrá. Bàbá sé èémí rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa, ariwo náà sì dákẹ́. Ó mí, ariwo tún bẹ̀rẹ̀.

“Láti ìgbà wo ni, Bàbá?”

Bàbá gba àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ níbi tó jìnnà sí wọn, ó fi ìka méjì pa iná àbẹ́là.

“Nọ́ọ̀sì yín yẹn,” ló wí fún ọmọ rẹ̀, “aago mélòó ló máa ń dé ibi iṣẹ́?”