Ẹran Tí Ẹ̀rọ Kọ̀

Iná pupa tún tàn lára ẹ̀rọ láàárọ̀. Obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ ẹran ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ kò yà kúrò nídìí tábìlì. Ẹ̀rọ náà kò ju bíríkì lọ. DNA kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn ló ń wá nínú oúnjẹ; bó bá rí i, iná pupa á tàn. Wákàtí kan ni èsì rẹ̀ ń gbà. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń retí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rọ lẹ bébà pupa mọ́ àpótí ẹran adìyẹ sísè mẹ́rin, ó kọ DÀNÙ sára wọn, ó sì ní kí wọ́n gbé wọn lọ. Bó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́rin tí ẹ̀rọ ti dé nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rèé lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá kò sì bínú. Ọ̀gá tó ń pariwo bí ọ̀bẹ kan bá sọnù! Ìyá Ẹ̀rọ bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tún un wọ̀. Ó tún bọ́ ọ. Nígbà tó di ọ̀sán tí ara rẹ̀ kọ̀ tí kò balẹ̀, ó lọ wo kòtò tí wọ́n ń da ẹran sí lẹ́yìn ilé.

Koríko ti hù nínú kòtò.

Ó sáré dé ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Bébà pupa mẹ́rin wà nílẹ̀.

"Àpótí mi dà?"

Ọkùnrin tó ń kó ẹrù rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Ìyá Ẹ̀rọ! Àpótí tí kò bá ní bébà pupa, ó di ilé ìtajà ńlá. Èyí tó bá pọ́n, ó di ilé àwọn arúgbó. Kí ẹ tó dé, ńṣe là ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ ti bá wa ya oníbàárà sọ́tọ̀."

"Ọkọ̀ ń kọ́?"

"Ó ti lọ tipẹ́."

Ó wọ yàrá ọ̀gá láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹran yẹn máa pààyàn, ọ̀gá."

"Ẹ rọra, ìyá. Ọ̀fẹ́ la fún wọn. Ta tún ló ń fún wọn ní nǹkan?"

"Ṣé ẹ lè jẹ ẹ́?"

Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé arúgbó ni mí?"

Fóònù orí tábìlì ọ̀gá gan-an ni Ìyá Ẹ̀rọ gbé, ó pe ilé àwọn arúgbó. Ó dún títí kí ìyá alásè tó gbé e.

"Ẹran àárọ̀ yìí, ẹ má fún wọn o! Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn!"

"Ẹ̀n? Ariwo pọ̀ níbí. Ṣé ilé iṣẹ́ ẹran ni?"

"Àwa ni! Ẹran—"

"Áà, ẹ kúuṣẹ́ o! Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Bàbá kan tí kò léyín, èmi ni mo fi ẹnu ara mi bá a rún tiẹ̀." Ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí fóònù. "Àwọn tó fún wa lẹ́ran ló wà lórí fóònù o! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Nínú fóònù, ọwọ́ àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, díẹ̀díẹ̀.