Oko Tíìkì àti Oko Àdàlù

Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kẹwàá rèé tí èmi àti àbúrò mi, Adébóyè, ti pín in sí méjì láìsí ààlà kankan. Òun gbin tíìkì nìkan, ó tò ó bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Èmi gbin tíìkì, mo fi ayùnrẹ́, arère àti ìrókò há a láàárín. Adébóyè ń pè é ní oko àdàlù.

Lọ́dún yìí, Adébóyè dé láti Ọ̀yọ́ níbi tó ń gbé, ó ní kí wọ́n gé tèmi, kí gbogbo ilẹ̀ di tíìkì. A jà títí, a wá gbà pé kí Fisáyọ̀ wá wọn igi wa, ọmọge kan tó ń gbé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń kọ́ nípa igbó ní yunifásítì. Ẹni tí igi rẹ̀ bá borí ni yóò pàṣẹ lórí gbogbo ilẹ̀.

Fisáyọ̀ na téèpù. "Mà, ibi tó bá ṣe déédéé àyà la ti ń wọn igi."

"Àyà ta ni? Tèmi ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdodo!" Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. Adébóyè ò rẹ́rìn-ín.

Ó wọ̀n ọ́n títí oòrùn fi kan àtàrí. "Bàbá, igi tó ṣeé là sí pákó pọ̀ lọ́dọ̀ yín jù. Ṣùgbọ́n tíìkì Màmá sanra ju tiyín lọ, torí ayùnrẹ́ ń ṣe ilẹ̀ lóore. Kábọ́ọ̀nù, ìyẹn èéfín inú afẹ́fẹ́ tí igi ń fà mu, tí oko Màmá kó pamọ́ ló sì pọ̀ jù."

"Mo ti borí!" ni mo pariwo.

"Irọ́! Èmi ni mo borí! Ṣé èéfín lẹ fẹ́ fi kan òrùlé ni?"

Àwa arúgbó méjì! A ò tiẹ̀ sọ bóyá pákó la fẹ́ wọ̀n ni tàbí kábọ́ọ̀nù, kí ọmọ ọlọ́mọ tó na téèpù. Ewúrẹ́ gbọ́n jù wá lọ.

Adébóyè yíjú sí Mìkáílù, agégi tó mú wá láti Sábó. "Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ayùnrẹ́ yẹn."

Ẹ̀rọ ìgégi Mìkáílù ké. Mo sáré, èmi tí orúnkún mi ń ké ju ẹ̀rọ lọ, mo jókòó sí ìdí igi, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Àǹtí Rúùtù, ẹ dìde ńbẹ̀! Ẹ má fi àgbà halẹ̀ mọ́ mi!"

"Ìdí tó tóbi báyìí, ta ló máa gbé e? Ó yá, Mìkáílù, bẹ̀rẹ̀ láti itan mi."

Mìkáílù pa ẹ̀rọ. "Màmá, igi ni mò ń gé, mi ò kì í gé èèyàn." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Adébóyè tutọ́ sílẹ̀. "Ẹ máa jẹ àdàlù yín. Àmọ́ èmi àti ẹ̀yin ò jọ ní ilẹ̀ pọ̀ mọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti gbin pèrègún láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé òpin, irú ààlà tí èèyàn ń gbin sí ẹ̀gbẹ́ àjèjì. Igi mi dúró. Mo ti kí i lẹ́ẹ̀mẹta láti ọ̀dọ̀ mi níbí. Ó gbọ́, ó kàn ń ro ìdí pèrègún rẹ̀ lọ ni.