Yàrá Méjì ní Torino

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé Torino bẹ̀rẹ̀, Ìyá Victory ṣì wà láyé, òun ló máa ń bá Ẹ̀rínọlá bu ìrẹsì fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn. Alàgbà Boaz ṣì wà láyé. Signora, ìyá ará Italy tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, tó máa ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà bí àdúrà wọn bá ti pariwo jù, òun náà ṣì wà láyé. Adélaní ọkọ Ẹ̀rínọlá sì ṣì wà láyé. Inú yàrá ló wà, ó ń gbọ́ rédíò, lọ́jọ́ tí Dùnsìn ọmọ-ọmọ wọn gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná wọn ní Padova, ní ilẹ̀ Italy, tó ní:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ilé méjì ló wà. Agenzia ní kí n fèsì kó tó di ọ̀sán ọ̀la."

Ẹ̀rínọlá gbé àwo ẹ̀wà tó ń ṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Agenzia wo?"

"Àwọn tó ń bá èèyàn wá ilé. Ìkíní nìyí. Yàrá kan ni. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ọ́fíìsì tí mo ti ríṣẹ́ ní Torino, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn ín. Àárín ìlú gan-an ni."

"Yàrá kan? Ibo lo máa ti máa dáná?"

"Nínú yàrá náà ni, Màmá."

"Kí o máa sùn, kí ata máa wọ̀ ọ́ lójú. Ilé olówó nìyẹn?"

Dùnsìn rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka ti àwòrán náà sẹ́yìn. "Ìkejì wà ní Mirafiori, níbi tí ìlú ti fẹ́ parí. Ó jìnnà o. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mò ń gbé, màá máa lo ogójì ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ tram ní àárọ̀, ogójì ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n yàrá méjì ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì wà. Kò sí àtẹ̀gùn." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ẹ̀yin àti Bàbá bá máa bá mi lọ, òun ni màá gbà. Bí ẹ ò bá lọ, màá gba ti àárín ìlú. Ẹ bá mi bi Bàbá."

Kì í ṣe pé Dùnsìn ń bẹ̀rù bàbá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Fọláwẹ̀mí ìyá rẹ̀ kọjá sí London, Adélaní ló sì tọ́ ọ. Ọ̀gá wẹ́dà ni Adélaní nígbà náà ní Marghera, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, kì í wẹ̀ kó tó fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwọn, a kì í gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ko Bàbá lójú. Màmá la máa ń rán, pé bí Bàbá bá máa kọ̀, kó kọ̀ ọ́ láàárín ọkọ àti aya, kí ojú má ti ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bi í nígbà tí Fọláwẹ̀mí fẹ́ lọ́kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bi í nípa London.

Ẹ̀rínọlá dìde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá kò gùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹsẹ̀ tó gbé níbẹ̀ ti tó fún ọkàn rẹ̀ láti yí. Ìyá Ìjọ ni ní Padova. Ìjọ wọn kò ju ilé ìkẹ́rù kan lọ, tí wọ́n fi aṣọ funfun bo ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú pátápátá ni àga rẹ̀ wà. Pásítọ̀ kì í sọmọ lórúkọ bí Ẹ̀rínọlá kò bá tíì dé. Bó bá dé Torino, ta ni yóò jẹ́? Ìyá arúgbó kan tí wọ́n mú ti ibòmíràn wá, tí wọ́n ní kó jókòó sẹ́yìn.

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Kí ni ọmọ yẹn ń sọ?" Adélaní yí ohùn rédíò wálẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa jẹ ẹ̀wà?"

"Ìgbà wo ni mo kọ ẹ̀wà rí?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó padà sí ilé ìdáná. "Bàbá ní àwọn ò lọ."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ti dàgbà kọjá ká máa kó lọ kó bọ̀. Wọ́n ní kí o gba èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ rẹ."

Dùnsìn ń wo fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun, èdè ilé ìwé ló máa ń sá lọ bá. "Va bene," ó ní, pé ó dáa. "Va bene, Màmá."

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rínọlá kò tiẹ̀ jẹ́ ti ẹrú. Ẹnu ọ̀nà ló dá iṣẹ́ náà sí.

Ní oṣù kẹsàn-án, Dùnsìn kó ẹrù. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbéni sókè sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé náà. Adélaní di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó sìn ín títí dé àjà kejì, ibẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ti ní kò ṣeé ṣe mọ́.

"Ilé tí o gbà yẹn, Àníkẹ́, ṣé ó gba èèyàn?" Oríkì Dùnsìn ló fi pè é.

"Yàrá kan ni, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ọmọdé máa gbé arúgbó pọ̀n kiri àárín ìlú, kí làwọn òyìnbó á pe ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Dùnsìn wo Màmá bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹ̀rínọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn báàgì tí wọ́n ti so tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí Dùnsìn bá pè ní ọjọ́ Àìkú, á ní, "Bàbá, ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi." Adélaní á ní, "Kí n máa sùn lórí àga?" á sì na fóònù sí ìyàwó rẹ̀. Nígbà náà ni Dùnsìn á wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Màmá, kí ni mo ṣe fún Bàbá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ara àgbà ni."

Irọ́ kékeré ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń jẹun nínú ilé, ó ń sanra.

Ní oṣù Kejìlá, Adélaní ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wálé, ọkùnrin méjì ló gbé e gòkè. Ìgbà tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìgboro mọ nìyẹn. Ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa ka àwọn tó ń sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bí Ẹ̀rínọlá bá ń múra àtilọ sí ìsìn, ọkọ rẹ̀ á bá a tún gèlè ṣe lẹ́yìn. Ẹ̀rínọlá á jókòó sórí àga iwájú, kò sì ní gbọ́ ìwàásù.

Olúrónkẹ́ ará ìjọ wọn, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó jẹun, ló máa ń yà láàárọ̀ bá wọn wẹ Bàbá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ó nu ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná, kò tètè lọ.

"Màmá, èémí Bàbá ń sáré díẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ ká pe dókítà. Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé lóòótọ́ ni pé Dùnsìn ò fẹ́ bá yín gbé?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti ríṣẹ́ làwọn ti ń retí kó pe àwọn. Àpótí tí wọ́n dì nígbà náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí n tú u, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, pé ọmọdé máa ń yí ọkàn padà."

Ẹ̀rínọlá ti gbálẹ̀ yí àpótí yẹn ká láìmọye ìgbà. Aṣọ àtijọ́ ló rò pé ó wà nínú rẹ̀.

"Pe dókítà," ó ní, "kí o sì máa lọ síbi iṣẹ́."

Nígbà tí Olúrónkẹ́ pe dókítà tán tó sì lọ, Ẹ̀rínọlá wọ yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Fọláwẹ̀mí. Dùnsìn pè yín."

"Gbé fóònù wá."

"Kì í ṣe lónìí. Láti oṣù keje ló ti pè yín. Ilé méjì ló wà nígbà náà. Ó ní ká jọ máa gbé nínú èyí tó tóbi, kí n bi yín. Mi ò bi yín. Mo sọ fún un pé ẹ ò lọ."

"Kí ló dé?" Adélaní bi í.

"Nítorí àga tí mò ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Bí ó bá jágbe mọ́ ọn ni, ì bá mọ bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́. Kò jágbe. Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀.

"Dìde," Adélaní ní. "Orúnkún èèyàn kan tó ti bàjẹ́ nínú ilé yìí tó." Ó mí, ó tún mí. "Yàrá tó yẹ kó jẹ́ tiwa, kí ni èèyàn ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò wo àwòrán náà débẹ̀."

"Lọ bi í."

Fóònù wà ní ilé ìdáná. Dùnsìn gbé e, ohùn rẹ̀ kéré. "Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá ló rán mi sí ọ. Wọ́n ní ilé Mirafiori yẹn, kí làwọn ì bá máa rí láti ojú fèrèsé àwọn?"

"Bàbá tó ní àwọn ò lọ?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa jẹ ẹ̀wà."

Ẹ̀rínọlá ń gbọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì ní Torino.

"Perché?" Dùnsìn ní. "Kí ló dé, Màmá?"

"Nítorí àga mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, Àníkẹ́."

Nígbà tí ọmọ náà fèsì, ẹkún ti wà nínú ohùn rẹ̀. "Àgbàlá ni. Igi kan wà láàárín rẹ̀, bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi náà. Mo ti bi àwọn agenzia nígbà náà bóyá ayálégbé lè máa jókòó níbẹ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà. Ẹ lọ sọ fún Bàbá. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ sọ ọ́. Màá wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán, mò ń bọ̀."

Ẹ̀rínọlá ń kà á lẹ́nu bó ti ń lọ, kó má baà jẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan já bọ́: àgbàlá, igi láàárín rẹ̀, bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, kò sí wàhálà. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tán kí ó tó rí i pé Adélaní kò mí mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni.